Ìtẹ́ Irin àti Oko Kòkó Bàbá Mi

Ọmọ Oǹdó ni mí. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ tí àwọn ìjòyè inú House of the Dragon, eré tẹlifíṣọ̀n àwọn òyìnbó, ń sọ pé láti ìwáṣẹ̀, obìnrin kankan kò jókòó lórí Ìtẹ́ Irin rí, Púpùpú ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ìtàn tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà nílùú wa ni pé obìnrin ni Òṣemàwé àkọ́kọ́. Ìbejì ni wọ́n bí i. Èèwọ̀ ni ìbejì láyé ìgbà náà, wọ́n sì lé ìyá àtàwọn ọmọ kúrò láàfin. Àwọn kan ní ààfin Odùduwà ni, àwọn mìíràn ní ààfin Ọ̀yọ́ ni. Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé ibi tí à ń pè ní Oǹdó lónìí, Púpùpú sì jọba. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Airo, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, gorí oyè, ọkùnrin ló sì ń jẹ ẹ́ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n títí di òní, Lóbùn wà, olórí àwọn obìnrin olóyè, tí à ń pè ní ọba obìnrin. Bí wọ́n bá fẹ́ fi Òṣemàwé tuntun jẹ, wọn kò lè fo Lóbùn dá.

Ọkàn tí mo fi wo eré náà nìyẹn.

Mo ti wo Game of Thrones tán ṣáájú, gbogbo ìpín rẹ̀ 73, èyí tí wọ́n ṣe láti 2011 sí 2019. Ó dùn, ṣùgbọ́n ogun ibẹ̀ tàn kálẹ̀ jù, ìdílé kún ibẹ̀ débi pé ojú ènìyàn a máa rẹ̀. House of the Dragon, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ọ̀rọ̀ agboolé kan ṣoṣo ni. Ó padà sẹ́yìn lọ sí nǹkan bí ọdún 172 kí wọ́n tó bí Daenerys inú Game of Thrones, inú ìwé Fire & Blood tí George R. R. Martin gbé jáde ní 2018 ni wọ́n sì ti mú un. Bàbá kan, ìyáálé tó kú, ìyàwó tuntun, ọmọ ìyáálé, àwọn ọmọ ìyàwó kékeré, àbúrò bàbá tó ń wo àga, bàbá ìyàwó tó ń dá sí gbogbo nǹkan. Bí a bá yọ àwọn dírágónì kúrò, mo mọ ilé yẹn. Mo ti jókòó nínú rẹ̀ rí.

Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Alágbàká, ṣùgbọ́n mo máa ń lọ sílé ní Oǹdó lópin ọ̀sẹ̀. Máa ti gba ìpín tuntun sílẹ̀ kí n tó kúrò ní Àkúrẹ́. Tí mo bá délé, èmi àti ìyá mi á jọ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, tí kò bá síná a ó tan jẹnẹrétọ̀. Gẹ̀ẹ́sì àwọn òyìnbó yẹn kò yé ìyá mi dáadáa, èmi ni mo máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Àwọn orúkọ ọ̀hún kò rọ̀ wọ́n lẹ́nu, wọ́n bá fún kálukú ní orúkọ tuntun: Daemon di Àbúrò Ọba, Aemond di Olójú Kan, Alicent di Ìyàwó Kékeré, Vhagar tó dàgbà jù nínú àwọn dírágónì di Ìyá Àgbà. Ìdajì ohun tí mo mọ̀ nípa eré yìí lónìí, ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ.

Rhaenys ni mo fẹ́ràn jù. Kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni wọ́n ti fi oyè dù ú. Ọba Jaehaerys ti darúgbó, àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti kú, ó bá pe ìpàdé ńlá sí Harrenhal ní ọdún 101 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ka ọdún tiwọn. Ìjòyè tó wá lé ní ẹgbẹ̀rún. Wọ́n gbọ́ tẹnu oríṣiríṣi ènìyàn, ó wá ku méjì: Rhaenys tó jẹ́ àgbà, àti Viserys, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, tó kéré sí i ṣùgbọ́n tó jẹ́ ọkùnrin. Ọkùnrin ni wọ́n mú. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Rhaenys ní ọbabìnrin tí kò jẹ rí. Mo bínú fún un, ṣùgbọ́n mo kíyè sí ohun kan: kò sógun lẹ́yìn ìpàdé yẹn. Ojú ọ̀sán ni wọ́n ti ṣe é, ẹni tó jáwé olúborí wà níbẹ̀, ẹni tó pàdánù náà wà níbẹ̀. Ìrẹ́jẹ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun kò gbọ́.

Ní Àkúrẹ́, nígbà tí Déjì Adébíyí Adéṣidà wàjà ní 2013, ọmọ wọn obìnrin, Adétutù Adéṣidà-Ojei, ló ṣe adelé títí di 2015 tí Déjì tuntun fi jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ìlú lágbègbè wa àti ní Èkìtì. Adelé a máa dé fìlà, a máa wọ agbádá, a máa lo ìlẹ̀kẹ̀, àwọn baba tó bí i lọ́mọ á sì dọ̀bálẹ̀ kí i ní Kábíyèsí. Ká ní Àkúrẹ́ ni Viserys ti wàjà ni, Rhaenyra, àkọ́bí rẹ̀, ni wọn ì bá dé fìlà fún kó máa tọ́jú ìlú. N kò sì fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ: adelé kì í di Déjì, ọjọ́ tí ọba tuntun bá ti ṣe tán ni iṣẹ́ rẹ̀ parí. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn tó ti dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin tó dé fìlà ọba kò ní sọ fún ọ pé ojú àwọn kò rí irú rẹ̀ rí. Ohun tó ń dùn mí nínú ìtàn Westeros, ilẹ̀ tí eré náà ti ṣẹlẹ̀, nìyí. Wọ́n fẹ́ kí ilé jóná ju kí wọ́n wò ó bóyá ó lè rí bẹ́ẹ̀, Rhaenys fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Rhaenyra nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré.

Ọ̀pọ̀ ló bú Rhaenys nítorí ohun tó ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n fi Aegon, ọmọ Alicent, jọba dípò Rhaenyra. Ó gun Meleys, dírágónì rẹ̀, ó fi tú ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣe ayẹyẹ, ó dúró níwájú gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí ó sọ, ogun á ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀. Kò sọ ọ́, ó yí padà, ó lọ. Nígbà tí mo ń ráhùn, ìyá mi ní ṣé n kò rí Ìyàwó Kékeré ni, bó ṣe bọ́ síwájú ọmọ rẹ̀. Mo dá a padà sẹ́yìn, mo tún un wò. Lóòótọ́, Alicent ti fi ara bo Aegon, Rhaenys sì wò ó lójú. Abiyamọ lòun náà. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn nípa ibẹ̀ yẹn mọ́.

Viserys ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù, torí òun ló wọ inú ilé wa.

Ènìyàn rere ni. Paddy Considine ṣe é débi pé ó ṣòro láti bínú sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe. Ìyàwó rẹ̀ Aemma kú lórí ìkúnlẹ̀ nítorí pé òun ni ó yọ̀ǹda kí wọ́n la inú obìnrin náà, láìjẹ́ kó mọ̀, kí ọmọkùnrin lè yè. Ọmọ náà kò yè. Nínú ọ̀fọ̀ yẹn, pẹ̀lú ìbínú tó ní sí Daemon àbúrò rẹ̀, ó ní Rhaenyra ni àrólé òun, àwọn ìjòyè wá, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n búra. Títí dé ibẹ̀ ó dára. Lẹ́yìn náà ló fẹ́ Alicent, ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀, ó bí Aegon, ó bí Helaena, ó bí Aemond. Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n ń bí ọmọkùnrin lé ọmọkùnrin, gbogbo ìlú ló ń bi ara wọn léèrè pé ṣé ọ̀rọ̀ àná ṣì dúró. Viserys kò dá wọn lóhùn. Kò tún pe ìjòyè jọ kí wọ́n búra tuntun. Kò pe ìyàwó àti ọmọ jókòó kí ó sọ fún Aegon lójú ìyá rẹ̀ pé oyè yìí kì í ṣe tìrẹ, ohun tó jẹ́ tìrẹ nìyí. Bí ẹnikẹ́ni bá mẹ́nu bà á, á bínú tàbí kí ó ní ó ti rẹ òun. Á padà sídìí ìlú kékeré tó ń fi òkúta gbẹ́, ìlú Valyria tó ti parun, ó sì gbádùn ìyẹn ju ìlú tí òun gan-an ń ṣọba lé lórí. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ìpín kẹjọ apá kìíní ni ó dára jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe. Àìsàn ti jẹ Viserys tán, ìdajì ojú rẹ̀ ti lọ, ó fi wúrà bò ó. Wọ́n ń gbẹ́jọ́ ẹni tí yóò jogún Driftmark, erékùṣù Corlys ọkọ Rhaenys, ọ̀rọ̀ náà sì fẹ́ kan àwọn ọmọ Rhaenyra. Ilẹ̀kùn ṣí, ọba wọlé. Ìrìn láti ẹnu ọ̀nà dé orí ìtẹ́ kò jìnnà, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Adé bọ́ lórí rẹ̀. Daemon, àbúrò tó ti ń bá a ṣọ̀tá láti ìbẹ̀rẹ̀, ló dì í mú gun àtẹ̀gùn, òun náà ló gbé adé lé e lórí. Ìyá mi sunkún. Bàbá mi tó ń ka ìwé ìròyìn lẹ́yìn wa, tí kì í bá wa wò ó, gbé ìwé sílẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà nínú eré, Viserys kó gbogbo wọn jọ sídìí tábìlì oúnjẹ. Ó ṣí wúrà kúrò lójú, ó ní kí wọ́n wo òun bí òun ṣe rí, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ìjà sílẹ̀ nítorí òun arúgbó. Rhaenyra dìde, ó yin Alicent. Alicent dìde, ó yin Rhaenyra. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jó. Wọ́n kàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé bàbá jáde ni, àwọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn jà. Èmi mọ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọdún Kérésì ni wọ́n máa ń jẹ ẹ́.

Ó wá kù díẹ̀ kó kú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ní ẹnikẹ́ni àfi Alicent. Oògùn ìrora ti mú un, ó rò pé Rhaenyra ni, ó ń sọ̀rọ̀ àlá tí Aegon baba ńlá wọn lá. Alicent gbọ́ Aegon, ọmọ tirẹ̀ ló rò pé ó ń wí. Orí ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé ọmọ rẹ̀ gorí oyè. Kò parọ́, ohun tó gbọ́ nìyẹn. Mélòó nínú àwọn ẹjọ́ ilẹ̀ tó wà ní kóòtù wa ló bẹ̀rẹ̀ látinú “Bàbá sọ fún mi kí wọ́n tó jáde láyé”? Ẹnì kan ló gbọ́, ní òru, kò sẹ́lòmíràn níbẹ̀.

Bàbá mi fẹ́ ìyàwó méjì. Ìyáálé ti kú kí n tó gbọ́n, wọ́n fi ọmọ sílẹ̀. Ìyá mi ni ìyàwó kejì. Oko kòkó bàbá mi wà lójú ọ̀nà oko wa, àgbà oko ni, ó ti rán gbogbo wa nílé ìwé. A kì í jà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ bí oko yẹn yóò ṣe rí lọ́la, kò sì sẹ́ni tó lè béèrè, torí ọmọ kì í bi bàbá rẹ̀ léèrè ogún nígbà tó wà láyé. Lẹ́yìn tí a wo ìpín yẹn, ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn. Mo tọ àbúrò bàbá mi obìnrin lọ, torí àwọn nìkan ló lè bá bàbá mi sọ ọ́. Mo sọ ìtàn Viserys fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n mi kanlẹ̀, wọ́n ní àwọn á lọ bá ẹ̀gbọ́n àwọn.

Lábẹ́ àṣà Yorùbá, ọ̀nà méjì ni wọ́n máa ń gbà pín ogún. Ìdí-igi ni kí a ka ìyàwó tó bímọ, kí ìdí kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan, bóyá ọmọ kan ló bí tàbí mẹ́wàá. Orí-ò-jorí ni kí a ka orí àwọn ọmọ, kí ìpín dọ́gba. Ẹjọ́ kan tó ti Èkó dìde lórí ọ̀ràn yìí, ti Dáwódù àti Dánmọ́lé, dé Privy Council, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó ga jù fún wa nígbà náà, ní London ní 1962, ìdí-igi ni wọ́n sì fọwọ́ sí pé ó jẹ́ àṣà tó ṣì múlẹ̀. Lọ́nà méjèèjì, ọmọbìnrin ń jogún bí ọmọkùnrin. Ní ilé tiwa, ìdí-igi ì bá gbe ọmọ ìyáálé torí wọ́n kéré níye, orí-ò-jorí ì bá gbe àwa ọmọ ìyá mi. Ẹ rí i pé ìjà ti wà nílẹ̀, a kàn ń rìn lórí rẹ̀ ni.

Bàbá mi kò sọ ohunkóhun fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí gbogbo wa wálé, àti àwọn tó ti lọ sílé ọkọ. Lọ́yà wà níbẹ̀, àbúrò wọn wà níbẹ̀, àwọn àgbà ẹbí méjì wà níbẹ̀. Ìwé ìhágún ni wọ́n kà sí wa létí. Orí-ò-jorí ni bàbá mi yàn fún oko. Ilé tí ìyáálé bá wọn kọ́, wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìyáálé. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà, ọmọ ìyáálé, kò fara mọ́ ti oko, wọ́n sì sọ ọ́ jáde. Bàbá mi dá wọn lóhùn. Wọ́n tún sọ̀rọ̀, bàbá mi tún dá wọn lóhùn. Ohùn ga níbẹ̀. Èmi jókòó, ara mi ń balẹ̀, torí pé ẹni tí wọ́n ń bá jiyàn wà láyé, ó jókòó, ó ń fèsì. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n kó wa lọ sóko, wọ́n fi pèrègún ààlà hàn wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n wa ló sì ń fi àdá yènà níwájú.

Ìyá mi kò gbà kí n bú Alicent. Ọmọdé ni nígbà tí Otto bàbá rẹ̀ ní kó wọ aṣọ ìyá rẹ̀, kó lọ máa tu ọba nínú. “Ta ló bi í bóyá ó fẹ́?” Bí ìyá mi ṣe sọ ọ́ nìyẹn, n kò sì bi wọ́n léèrè nǹkan kan lórí ìyẹn. Wọ́n ní ìyàwó kékeré ni gbogbo ayé ń wò bí ẹni tó wá já nǹkan gbà, kò sẹ́ni tó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n mú wá. Ṣùgbọ́n alẹ́ tí Alicent fa ọ̀bẹ yọ sí Rhaenyra nítorí ojú Aemond tí Lucerys, ọmọ Rhaenyra, fọ́, ìyá mi kò gbè é. Wọ́n ní ọmọ wọn ló fọ́jú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ kejì náà lọ́mọ, níbo ni wọn yóò ti rí ojú tí yóò dípò ojú?

Aemond ló ń dẹ́rù bà mí, n kò sì kórìíra rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò ní dírágónì, ó lọ gun èyí tó tóbi jù láyé, èyí tí Visenya gùn nígbà tí wọ́n ń ṣẹ́gun ilẹ̀ náà. Ní Storm's End, ìdẹ́rùbà ló rò pé òun ń ṣe fún Lucerys. Arrax kékeré, dírágónì Lucerys, tutọ́ iná sí Vhagar lójú, Vhagar bínú, kò sì gbọ́ ti ẹni tó gùn ún mọ́. Ó gé ọmọ náà àti dírágónì rẹ̀ jẹ nínú òfuurufú. Ojú Aemond lẹ́yìn ìyẹn, ojú ọmọdé ni. Agbára tí a jogún tí kò bá wa dàgbà, a lè jókòó lé e lórí láìní í níkàáwọ́.

Corlys náà wà, tí Steve Toussaint ṣe. Ìyá mi fẹ́ràn rẹ̀ torí ó dúdú, ó sì lówó. Àwọn kan bú òṣèré náà nítorí àwọ̀ rẹ̀ nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gbà pé dírágónì ń fò, tí kò gbà pé aláwọ̀ dúdú lè ní ọkọ̀ ojú omi, n kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti bá a sọ.

Apá kejì, ní 2024, kò tẹ́ mi lọ́rùn tó ti kìíní. Ìpín mẹ́jọ péré, wọ́n ṣètò ogun tán, wọ́n gba ilé wọn lọ. Daemon pẹ́ jù nínú àlá ní Harrenhal. Ṣùgbọ́n ikú Rhaenys ní Rook's Rest wà níbẹ̀. Ó lè sá lọ, ó sì mọ̀. Ó yí Meleys padà, ó kojú Vhagar. Mo ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Ìpàdé àwọn obìnrin méjèèjì ní ìparí apá kejì la ṣì ń jiyàn lé lórí nílé. Alicent dá wá sí Dragonstone, ibi tí Rhaenyra fi ṣe ibùdó, ó ní òun yóò ṣílẹ̀kùn ìlú fún Rhaenyra. Rhaenyra ní kò lè parí láìjẹ́ pé Aegon kú, ọmọ dípò ọmọ. Alicent gbà. Èmi ní ó ti pàdánù Aegon tipẹ́, pé ìyókù ló ń gbìyànjú láti gbà là, Helaena àti ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ìyá mi kò fẹ́ gbọ́ rárá. Wọ́n ní kò síyàá tó ń fi ọmọ san gbèsè, àti pé Rhaenyra tó bèèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ abiyamọ, kò yàtọ̀ sí àwọn tó pa Lucerys mọ́. Bàbá mi ti ń bá wa dá sí i báyìí. Wọ́n ní ẹjọ́ Viserys ni.